Ìpatì kọ́ o, ìpalẹ̀mọ́ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò, mo kí i yín láti Kubwa níbí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń ka èsì yín láì fọhùn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tẹnu mi.

Fún àwọn tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: iléeṣẹ́ rédíò kan ní Abuja gbé ìròyìn kan fún mi láti túmọ̀ fún ètò Yorùbá wọn. Ìròyìn náà dá lórí àjọ ìjọba ilẹ̀ Japan (orílẹ̀-èdè ni mo wí o, kì í ṣe jápa) tó ń ṣèwádìí lórí agbára núkílíà, tó sì tún ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń fòpin sí àwọn ilé ẹ̀rọ núkílíà tó ti lo ìgbà wọn tán. Ibi "fòpin sí" yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Òyìnbó ní fún un, decommissioning. Ìpatì ni mo fi túmọ̀ rẹ̀. Olùkà ìròyìn gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á ketekete: "Àjọ náà ni yóò pa àwọn ilé ẹ̀rọ náà tì." Wọn ò tíì ka ìròyìn eré ìdárayá tán tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Bàbá kan láti Nyanya bèèrè pé, "Ṣé àwọn ará ibẹ̀ náà máa ń pa iṣẹ́ tì bíi tiwa ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Lọ́dọ̀ wa, ohun tí ìjọba bá pa tì, igbó ló ń bò ó, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀, àwọn ọmọ ìta á sì máa yọ irin rẹ̀ tà ní ẹyọ ẹyọ. Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ irin Àjàòkúta? Tí a bá wá lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó jẹ́ pé ẹni tó bá yọ irin rẹ̀ tà lè ti ibẹ̀ gba ikú nítorí ìtànṣán olóró tó wà lára rẹ̀, a ti ṣi aráàlú lọ́nà. Mo gba ẹ̀bi mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi yín níbí pé, ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kí n fi rọ́pò ìpatì?

Bàbá Gwagwalada ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Wọ́n ní ìfẹ̀yìntì ló yẹ, pé ẹ̀rọ náà ti sin ìjọba títí, agbára rẹ̀ ti tán, kó lọ sinmi. Ó dùn létí, Bàbá, ẹ sì mọ̀ pé mi ò jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yín nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ̀yìn tì ní Abuja á kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, á gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ sí ìlú rẹ̀. Ilé ẹ̀rọ núkílíà kì í lọ sí ìlú rẹ̀. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ náà ló máa jókòó sí, àwọn òṣìṣẹ́ á sì tún wà lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ibi tí mo ti gbà fún yín ni ti owó. Ó yẹ kí wọ́n ti máa dá owó ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ jọ nígbà tó ṣì ń pawó wọlé, kó má lọ di pé ọjọ́ pé, àpò gbẹ. Àwọn tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì wọn nínú wa kò nílò àlàyé lórí èyí.

Àǹtí Lugbe mú ìtúpalẹ̀ wá. Ẹni bá ka èsì wọn á mọ̀ pé ará Abuja ni wọ́n! Ọ̀dà pupa lára ògiri, katakata á dé ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ilé ti di òkìtì. Àǹtí, ìtúpalẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kan péré ni. Ẹ wo ti Monju, ẹ̀rọ ńlá tí àjọ Japan yìí ní ní ìlú Tsuruga. Ọdún 1994 ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Kí ọdún 1995 tó parí, sódíọ̀mù tí wọ́n fi ń gbé ooru rẹ̀ kiri jò, iná sọ níbẹ̀, láti ọjọ́ náà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n là sílẹ̀ fún iṣẹ́ tó kù, láti 2018 títí di 2047. Kíkó epo núkílíà jáde kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn nìkan, 2022 ni ó tó parí, nígbà náà wọn ò sì tíì fọwọ́ kan ògiri. Katakata wo ló ń fi ọgbọ̀n ọdún wó ilé?

Ti àbúrò wa tó ń kàwé ní Zaria, tó ní ká pè é ní ìsìnkú, mo mọ ibi tó ti rí i. Chernobyl ló ń rò, ilé ẹ̀rọ núkílíà kan ní ilẹ̀ Ukraine. Lóòótọ́, lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ibẹ̀ bú gbàmù ní 1986, wọ́n fi kọnkéré àti irin bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n mọ ibojì, nígbà tó sì di 2016 wọ́n tún gbé ìbòrí ńlá mìíràn lé e lórí. Àbúrò, ẹni tó sìnkú á fọwọ́, á lọ sílé. Ta ló ń padà lọ sí itẹ́ lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá òkú ṣì gbóná? Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ̀mù tó wà ní Vienna gan-an kò ka bíbò-mọ́lẹ̀ sí ọ̀nà tó yẹ láti fòpin sí ilé ẹ̀rọ, àfi níbi tí jàǹbá ńlá bá ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà ní Kaduna ló sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù. Wọ́n rán wa létí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́ tí àrá bá sán lu ilé. Onílé kò ní wọlé, kò ní mú ṣíbí lásán jáde. Ó di dandan kí àwọn adósù Ṣàngó dé, kí wọ́n wá ẹdùn àrá jáde, kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n ṣe ètùtù, kí onílé san ohun tó yẹ, kí wọ́n tó dá ilé padà fún un. Ẹ wò ó dáadáa: ibi eléwu, àwọn tó ní àṣẹ nìkan ló ń wọ̀ ọ́, wọ́n yọ ohun tó léwu, wọ́n wẹ ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀. Kò sí ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ Òyìnbó yẹn tí ìṣe yìí kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, tí a bá fi Ṣàngó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìròyìn aago méje, àwọn àlùfáà àti àwọn pásítọ̀ tó wà láàárín wa níbí kò ní jẹ́ ká sùn. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìtàkùrọ̀sọ wa níbí, mi ò yọ̀ǹda rẹ̀ fún rédíò.

Ohun tí ọ̀rọ̀ àrá yẹn rán mi létí ni ìyá ìyá mi. Sábó ní Zaria ni a ti tọ́ mi dàgbà, láàárín àwọn ará Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó kún àdúgbò náà. Ilé ẹni ẹlẹ́ni ni Màmá ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò wọn wà, òkúta mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kó kúrò nínú ilé náà, wọn kò kàn gbé ìkòkò kí wọ́n máa lọ. Wọ́n pa iná. Wọ́n jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lówùúrọ̀, wọ́n kó eérú sínú agbada tó ti lu, wọ́n yí òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, wọ́n da omi sílẹ̀, wọ́n gbá ibẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ síbí, wọ́n tẹ́ ẹ sọ́hùn-ún. Nígbà tó dá wọn lójú pé kò gbóná níbì kankan ni wọ́n tó ní kí a máa kọjá. Àbúrò mi ọkùnrin ló fà á. Lọ́dún kan ṣáájú ìgbà náà, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ eérú tó rò pé ó ti tutù. Iná kú, ó feérú bojú. Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ọ̀rọ̀ tí Màmá lò fún iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí a lò. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n palẹ̀ ààrò mọ́ ná." Pa ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹlòmíràn lè tẹ̀. Nítorí náà, èyí tí mo mú wá ni ìpalẹ̀-ààrò-mọ́. Ìtìpa wà nínú rẹ̀, ìtúpalẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìwẹ̀mọ́ náà wà níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tí a tẹ́ lélẹ̀ kí a tó yọ̀ǹda ibẹ̀ kò sì gbẹ́yìn. Àwọn ará Japan ti ṣe èyí dé òpin rí. Ẹ̀rọ JPDR ní abúlé Tokai, òun ló kọ́kọ́ fi núkílíà mú iná mànàmáná wá ní ilẹ̀ wọn ní oṣù Kẹwàá 1963. Láti 1986 títí di 1996 ni wọ́n fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì di pápá koríko.

Mo mọ̀ pé Bàbá Gwagwalada á fẹ́ bi mí pé, kí ló kan ààrò nínú ọ̀rọ̀ átọ̀mù? Bàbá, ẹ bi àwọn tó ni ìròyìn. Genshiro ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yìí ní èdè Japan. Genshi ni átọ̀mù, ro sì ni ààrò, ro kan náà tó wà nínú irori, ààrò àárín ilé tí àwọn baba wọn ń yáná sí. Àwọn Hausa tó yí wa ká náà kò rìn jìnnà: makamashi tí wọ́n ń pe agbára núkílíà, igi gbígbẹ àti koríko ìdáná ni tẹ́lẹ̀. Àwa nìkan la máa ń sáré kó ọ̀rọ̀ gígùn jọ bí ọkọ̀ ojú irin, "ẹ̀rọ-amú-kóró-átọ̀mù-là-kó-lè-mú-ooru-wá", tí olùkà ìròyìn á kà dé ìdajì tí èémí á tán. (Èyí kì í ṣe àwàdà o. Ẹnì kan fi ránṣẹ́ síbí gan-an lọ́jọ́ Àìkú.)

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́. Hairo ni àwọn ará Japan ń pe ohun tí à ń jiyàn lé lórí yìí lẹ́nu lásán, ààrò tí a pa tì. Ìyẹn ni pé ìpatì tí mo lò kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiwọn. Nínú ìwé ìjọba, wọ́n ń kọ haishi sochi, ìgbésẹ̀ ìfòpinsí. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí gbá mi létí, mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Èsì mi ni pé àwa kọ́ ni wọ́n, ohun tí "pa tì" ń jẹ́ létí bàbá Nyanya ni èmi ń túmọ̀ fún.

Ọ̀gá wa olùkọ́ èdè sì ti sọ pé ìpalẹ̀mọ́ ti di ìmúrasílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn: ìpalẹ̀mọ́ ìdìbò, ìpalẹ̀mọ́ Iléyá. Pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ parí. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni èyí jẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ẹni tó ní "ẹ palẹ̀ mọ́" lẹ́yìn oúnjẹ, àwo ló ní kí ẹ kó. Ẹni tó ní "ẹ palẹ̀ mọ́, àlejò ń bọ̀", ilẹ̀ ló ní kí ẹ gbá. Ilẹ̀ kan náà ni. Èyí tó tún jọ mí lójú ni pé ìlànà àjọ Vienna ní kí ilé ẹ̀rọ núkílíà ní ètò bí wọ́n ṣe máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ rárá. Kí iná tó mú ni wọ́n ti ń ronú eérú. Ìtumọ̀ méjèèjì tí ẹ ní ó ń jà nínú ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ náà gan-an ló ní méjèèjì. Ààrò tó wà láàárín rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ti ìdìbò ni.

Tí a bá gba ààrò wọlé, eérú ti tẹ̀lé e nìyẹn. Wọ́n ti dábàá ìdọ̀tí àti pàǹtírí fún ohun tó ń ṣẹ́ kù. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìdọ̀tí ni èyí tí à ń gbá dànù láàárọ̀, tí a sì ń gbàgbé. Eérú yìí kì í ṣe ohun ìgbàgbé. Kòbáltì-60, ohun olóró tó ń tan ìtànṣán, tí wọ́n ń lò ní Sheda, lọ́nà Lọ́kọ́ja níbí, láti fi ìtànṣán tọ́jú oúnjẹ àti ohun èlò kí ó má tètè bàjẹ́, ó máa ń gbà tó ọdún 5 àti oṣù 3 kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Sísíọ̀mù-137, òmíràn tó máa ń wà nínú eérú ilé ẹ̀rọ núkílíà, ń gba nǹkan bí 30 ọdún. Plutóníọ̀mù-239 ń kọ́? Ó lé ní 24,000 ọdún. Ìdajì nìkan ni mo wí o. Ìdajì tó kù á tún gba iye kan náà kó tó dín sí ìdámẹ́rin.

Ẹnì kan ní ká pe ìgbà yìí ní àbọ̀-ẹ̀mí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àbọ̀-ẹ̀mí ni ẹni tó ti wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Mararaba láti aago márùn-ún ìdájí. Ìgbà ìlàjì tó mi: ìgbà ìlàjì kòbáltì, ìgbà ìlàjì sísíọ̀mù. Ẹ jẹ́ ká kọjá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "àjọ" ló tún kù, kò sì kéré bí a ṣe rò. Ní Abuja níbí, a ní àjọ tí òfin ọdún 1976 dá sílẹ̀ láti mú agbára átọ̀mù dàgbà ní Nàìjíríà, àmọ́ tó jẹ́ pé 2006 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. A tún ní èyí tí òfin ọdún 1995 fún láṣẹ láti máa ṣọ́ gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun olóró bẹ́ẹ̀, òun sì bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Àkọ́kọ́ ń dáná, èkejì ń ṣọ́ adáná. Nínú ìròyìn Yorùbá wa, "àjọ" làwọn méjèèjì. Ó dà bí ìgbà tí a pe awakọ̀ àti ọlọ́pàá ojú pópó ní "ará ọ̀nà". Japan fi ojú rẹ̀ rí i. Kí ìjàǹbá ilé ẹ̀rọ núkílíà Fukushima tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta 2011, abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń polongo iná núkílíà ni àwọn tó ń ṣọ́ ọ wà, ẹnì kan náà ló di ṣíbí mú tó tún di pàṣán mú. Ní 2012 ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Àbá mi: kí a máa pe èyí tó ń dáná tàbí tó ń ṣèwádìí ní àjọ, kí a sì máa pe èyí tó ń ṣọ́ ọ ní aláṣẹ ìtànṣán tàbí alámòójútó. Àjọ Japan inú ìròyìn mi, olùṣèwádìí àti apalẹ̀mọ́ ni. Kì í ṣe aláṣẹ. Ọdún 2005 ni wọ́n pa ilé ìwádìí méjì pọ̀ láti dá a sílẹ̀, lónìí ó sì tún ń ṣèwádìí tí yóò ran àwọn tó ń palẹ̀ Fukushima mọ́ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ amúnáwá tó ni ibẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà.

Àbúrò Zaria, o ní kí la fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe, nígbà tí a ò ní ààrò átọ̀mù kankan. A ní o! Kò jìnnà sí ọ, inú Yunifásítì Ahmadu Bello ló wà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 2004. Kékeré ni, ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kílówáàtì lọ, iye tí jẹnẹrétọ̀ ilé ìtajà kan ní Wuse lè mú wá. Kò tan gílóòbù kan ṣoṣo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ ohun tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀, òkúta àti oúnjẹ, kí ó sì máa kọ́ni níṣẹ́. Yùréníọ̀mù, epo núkílíà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tó tó nǹkan bíi kílò kan, ni wọ́n ti ṣà títí tí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ fi jẹ́ irú tó ń gbiná, irú èyí tí àgbáyé ń bẹ̀rù pé ó lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn apanilẹ́kún. Ní 2018, wọ́n kó o jáde, wọ́n fi èyí tí kò ju ìdá 13 lọ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ti àkọ́kọ́ padà sí China níbi tó ti wá. Ẹni tó da eérú ni eérú tọ̀, a ò tilẹ̀ lọ́ ọ pọ̀. Mi ò ní pe ìyẹn ní ìpalẹ̀-ààrò-mọ́, nítorí iná ṣì ń jó níbẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ igi ìdáná ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iná náà máa kú, tí ẹnì kan ní Zaria máa bẹ̀rẹ̀ láti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀, tí akọ̀ròyìn kan á sì nílò ọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni iléeṣẹ́ rédíò fẹ́ gba àtúnṣe lọ́wọ́ mi. Bàbá Gwagwalada, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àmì ohùn rẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ìpalẹ̀-ààrò-mọ́ ni mo kọ, ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta léra wọn nínú ààrò. Tí olùkà ìròyìn bá gbé ohùn sókè díẹ̀ láàárín, ó ti di àárò nìyẹn, bàbá Nyanya á sì tún pè láti bèèrè ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ àwọn ará Japan.